Àrùn Parkinson àti Ẹ̀rọ tí ń Wo Inú Ọpọlọ

Bí ọwọ́ àgbàlagbà kan bá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n nígbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́, ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ kọ́kọ́ ń wí ni pé ogbó dé. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń wọ́ nílẹ̀, tí ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, tí ìwé tí ó ń kọ sì ń kéré sí i títí ó fi dà bí ipa ẹsẹ̀ èèrà, wọn a tún ní ogbó náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ bá pẹ́, tí bàbá tí í máa ṣírò owó ọjà rẹ̀ láìsí àṣìṣe kò bá lè ṣírò rẹ̀ já mọ́, tí ó bá dé ìdajì ọ̀rọ̀ tí kò sì rántí ibi tí ó ń bọ̀ wá sọ ọ́ dé, ọ̀rọ̀ a yí padà. Àwọn kan a ní agídí ni ó ń ṣe. Àwọn mìíràn a ní ayé ni ó ń bá a jà. Díẹ̀ ni àwọn tí yóò bi ara wọn léèrè bóyá ohun tí ó ń mú ọwọ́ gbọ̀n náà ni ó ń ba làákàyè jẹ́.

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé, àwọn oníṣègùn pàápàá kò sì tètè rí ìdáhùn rẹ̀. Oníṣègùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ James Parkinson, tí ó ń ṣe iṣẹ́ ní Hoxton ní ìlú London, ni ó kọ ìwé tí ó ṣe àlàyé àrùn náà yékéyéké ní ọdún 1817. Ènìyàn mẹ́fà péré ni ó kọ̀wé nípa wọn, ojú pópó ni ó sì ti rí díẹ̀ nínú wọn. Ó ṣe àkíyèsí bí ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, bí àyà wọn ti ń tẹ̀ síwájú, àti bí ẹsẹ̀ wọn ti ń sáré wuuru bí ẹni tí ó fẹ́ ṣubú. Ṣùgbọ́n ó wí pé àrùn náà kì í pa òye àti làákàyè lára. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Jean-Martin Charcot, gbajúmọ̀ oníṣègùn ní ilé ìwòsàn Salpêtrière ní ìlú Paris, fi orúkọ Parkinson pe àrùn náà láti bu ọlá fún un. Ṣùgbọ́n ní ti làákàyè, ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu. Charcot ti rí i pé nígbà tí àrùn náà bá pẹ́ lára ẹlòmíràn, iyè rẹ̀ a máa rà. Ìwádìí àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn ti fi hàn pé Charcot ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù.

Kí ìdí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yéni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ. Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ní àárín gbùngbùn, ibì kan wà tí ó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń pèsè èròjà kan tí a ń pè ní dopamine. Ní ayé àtijọ́, bí ọba kan bá fẹ́ bá ọba ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, àrokò ni í fi ránṣẹ́ sí i. Bákan náà ni dopamine jẹ́ àrokò tí apá kan nínú ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí apá mìíràn. Bí àrokò bá ń dé déédéé, ọwọ́ a gbé, ẹsẹ̀ a rìn, ìrònú a sì máa tẹ̀ lé ara wọn létòletò. Bí kò bá dé mọ́, ọwọ́ a máa gbọ̀n, ara a le gan-n-gan, ìgbésẹ̀ a sì falẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ṣe làálàá kí a tó mọ èyí. Ní ọdún 1919, Konstantin Tretiakoff fi hàn ní ìlú Paris pé ibi dúdú náà ti bàjẹ́ nínú ọpọlọ àwọn alárùn Parkinson tí ó ti kú. Ní ọdún 1960, Herbert Ehringer àti Oleh Hornykiewicz ní ìlú Vienna wọn dopamine tí ó wà nínú ọpọlọ irú àwọn òkú bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó ti dín kù gidigidi. Ṣáájú àwọn wọ̀nyí, ní ọdún 1912, Fritz Lewy, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti rí àwọn kókó róbótó kéékèèké nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ alárùn náà, èyí tí ojú lásán kò lè rí. Ọdún 1997 ni a tó mọ̀ pé èròjà kan tí a ń pè ní alpha-synuclein ni ó dì pọ̀ tí ó di àwọn kókó náà. Wọn kì í sì í dúró sí ojú kan. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọn a máa tàn ká títí wọn yóò fi dé èèpo ọpọlọ, níbi tí ènìyàn ti ń ronú, tí ó sì ti ń rántí. Ìdí nìyí tí àrùn tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ fi lè parí sí orí.

Láti ìlú Sydney ní ilẹ̀ Ọsirélíà ni a ti mọ bí ohun náà ti wọ́pọ̀ tó. Àwọn oníṣègùn ibẹ̀ tọpa ènìyàn 136 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àrùn Parkinson ń ṣe. Nígbà tí ó di ogún ọdún, 100 nínú wọn ti kú. Nínú àwọn tí ó kù láyé, ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún ni làákàyè wọn ti bàjẹ́ débi pé wọ́n ń ṣarán. A tẹ àbájáde ìwádìí náà jáde ní ọdún 2008. Kì í ṣe gbogbo alárùn náà ni ó ń dé ibẹ̀, ẹlòmíràn a sì máa bá àrùn náà gbé fún ọdún púpọ̀ kí iyè rẹ̀ má yẹ̀. Bí ó bá sì ń dé, ìgbàgbé kọ́ ni ó sábà máa ń ṣáájú. Ìrònú a kọ́kọ́ lọ́ra. Ṣíṣe ètò iṣẹ́ a di ìnira. Ojú a máa rí àwo lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò ní mọ bí ó ti jìnnà tó. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ máa rí ọmọdé tàbí ẹranko nínú yàrá, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ni oníṣègùn ṣe lè rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ ẹni tí ó wà láàyè? Agbárí yí ọpọlọ ká bí odi ti í yí ìlú ká. Fún ìgbà pípẹ́, ẹni tí ó bá fẹ́ rí i ní láti dúró di ìgbà tí aláìsàn bá kú. Ní ọdún 1895, Wilhelm Röntgen ní ilẹ̀ Jámánì ṣàwárí ìtànṣán X-ray tí ó lè gba inú ẹran ara kọjá. Ṣùgbọ́n egungun ni X-ray ń fi hàn dáadáa, ọpọlọ tí ó rọ̀ kì í hàn níbẹ̀. Ọ̀nà kò là títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1971. Ní ọjọ́ náà, ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Wimbledon ní ìlú London, a fi ẹ̀rọ CT tí Godfrey Hounsfield ṣe wo orí aláìsàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ náà a máa ta X-ray yí orí ká láti ìhà gbogbo, kọ̀ǹpútà a sì ṣírò ohun tí ó rí di àwòrán. Ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí a gé iṣu ní abala-abala, tí a sì ń wo ojú abala kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀bẹ kò kan orí ẹnikẹ́ni. Hounsfield àti Allan Cormack jọ gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí ní ọdún 1979.

Ẹ̀rọ CT a máa fi ẹ̀jẹ̀ tí ó dà sínú ọpọlọ hàn, a sì máa fi ìwú tí ó hù níbẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi wo alárùn Parkinson, àwòrán rẹ̀ a máa jọ ti àgbàlagbà mìíràn tí kò ní àrùn náà. Iṣẹ́ tí ó lè ṣe ní ìhà yìí ni láti jẹ́rìí pé kì í ṣe àrùn mìíràn ni ó fara jọ Parkinson. Nítorí náà àwọn onímọ̀ wá ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀nà kan nínú wọn ni ẹ̀rọ MRI, tí òòfà ńlá wà nínú rẹ̀. Ara ènìyàn kún fún omi, èròjà kan tí a ń pè ní hydrogen sì wà nínú omi. Bí aláìsàn bá dùbúlẹ̀ sínú ihò ẹ̀rọ náà, òòfà a mú kí púpọ̀ nínú àwọn hydrogen náà kọjú sí ọ̀nà kan, bí àwọn ọmọ ilé ìwé tí ó tò sórí ìlà. Ẹ̀rọ a wá fi ìgbì rédíò tì wọ́n díẹ̀ kúrò ní ipò wọn. Bí wọ́n bá sì ti ń padà sí ipò, wọn a máa dá èsì tí kọ̀ǹpútà fi ń ya àwòrán. Ariwo ẹ̀rọ náà dà bí ti àgbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n kò sí X-ray nínú rẹ̀. Ẹni tí irin bá wà nínú ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí ó tó wọlé, nítorí òòfà kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Paul Lauterbur, ọmọ Amẹ́ríkà, àti Peter Mansfield, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a fún ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2003 nítorí ipa tí wọ́n kó nínú rẹ̀.

Ìrísí ọpọlọ ni MRI ń fi hàn. Nígbà tí a fi wo ọ̀pọ̀ alárùn Parkinson tí làákàyè wọn ti ń dín kù, tí a sì fi wọ́n wé àwọn tí tiwọn ṣì pé, a rí i pé èèpo ọpọlọ àwọn ti ìṣáájú ti fẹ́lẹ́ ní ibi púpọ̀, àti pé ibi tí ọpọlọ ti ń ṣètò ìrántí ti sunkì. Ẹ̀rọ yìí kan náà tún lè fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń sáré lọ hàn nígbà tí ènìyàn bá ń ronú, nítorí apá ọpọlọ tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ ní Cambridge fún àwọn alárùn Parkinson ní iṣẹ́ ìrántí ṣe nígbà tí wọ́n wà nínú ẹ̀rọ náà. Àwọn tí ó ti ń ṣòro fún láti ronú ni iṣẹ́ dín kù ní iwájú ọpọlọ wọn àti ní ibi inú lọ́hùn-ún tí dopamine ń ránṣẹ́ sí. Ohun tí ẹnu kò lè ròyìn ni àwòrán fi hàn, pé kì í ṣe ìmẹ́lẹ́, kì í sì í ṣe agídí. Ọ̀nà tí ìrònú ń gbà ni ó ti dí.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀rọ PET. Ẹ̀rọ yìí kò wá ìrísí ọpọlọ, iṣẹ́ tí ọpọlọ ń ṣe ni ó ń wá. A ó po èròjà díẹ̀ tí ó ń tú ìtànṣán jáde, a ó sì fi abẹ́rẹ́ fún aláìsàn. Ibi tí èròjà náà bá lọ nínú ọpọlọ ni ẹ̀rọ yóò rí. Ní ọdún 1983, àwọn onímọ̀ ní ìlú Hamilton ní ilẹ̀ Kánádà lo ọ̀nà yìí láti rí iṣẹ́ dopamine nínú ọpọlọ ẹni tí ó wà láàyè. Ẹ̀rọ mìíràn tí a ń pè ní SPECT a máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lójú rẹ̀, ibi tí dopamine ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ ẹni tí ara rẹ̀ le dà bí àmì ìdánudúró díẹ̀ méjì tí ó kọjú sí ara wọn. Nínú alárùn Parkinson, ìrù àmì náà a parẹ́, yóò sì ku àmì ìdánudúró nìkan. Ọmọ ilé ìwé tí ó bá mọ àmì ìkọ̀wé yóò lóye àwòrán náà.

Síbẹ̀, àìtó dopamine nìkan kò tó láti sọ ohun tí ó ṣe làákàyè. Oúnjẹ ọpọlọ ni ṣúgà tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá fi àmì ìtànṣán sí ohun tí ó dà bí ṣúgà, ẹ̀rọ PET a lè rí apá ọpọlọ tí ń jẹun dáadáa àti èyí tí kò jẹun tó. Nínú àwọn alárùn Parkinson tí ó ti ń ṣarán, ẹ̀yìn ọpọlọ àti apá tí ó wà lókè rẹ̀ ni oúnjẹ wọn sábà máa ń dín kù. Àwọn apá wọ̀nyí ni wọ́n ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti mọ ohun tí ojú rí àti ibi tí nǹkan wà. Èyí sì bá àwọn àmì tí a ti kà sẹ́yìn mu. PET tún fi hàn pé àrokò mìíràn, acetylcholine, tí ó ń ran àkíyèsí àti ìrántí lọ́wọ́, ti dín kù gan-an nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ yìí kò jẹ́ ti orí ìwé lásán, nítorí oògùn kan wà tí ń jẹ́ rivastigmine, tí kì í jẹ́ kí àrokò náà tètè parun. Láti ọdún 2006 ni a ti fi àṣẹ sí i ní Amẹ́ríkà fún àwọn alárùn Parkinson tí ń ṣarán. Kò lè wo àrùn náà sàn, ṣùgbọ́n ó ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́ díẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àrùn là ń wò, a kì í wo ikú.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, kò yẹ kí a sọ ẹ̀rọ di babaláwo. Ohun tí a ń rí nígbà tí a bá fi ọgọ́rùn-ún ènìyàn wé ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè má hàn gbangba nínú ẹnì kan ṣoṣo. Ọpọlọ ẹlòmíràn lè ti sunkì, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì mọ́ gaara. Ti ẹlòmíràn lè dára nínú àwòrán, kí ó sì máa ṣìnà ní àdúgbò tí a bí i sí. Títí di ìsinsìnyí, kò sí ẹ̀rọ tí àwọn dókítà ń lò lójoojúmọ́ tí ó lè fi kókó tí Lewy rí hàn nínú ọpọlọ ẹni tí ó wà láàyè. Nítorí náà, ẹlẹ́rìí kan ni àwòrán jẹ́, kì í ṣe adájọ́. Dókítà ṣì gbọ́dọ̀ jókòó ti aláìsàn, kí ó bi í ní ọjọ́ àti oṣù, kí ó ní kí ó ya ojú agogo, kí ó sì gbọ́rọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń bá a gbé. Ó tún gbọ́dọ̀ wádìí bóyá ìbànújẹ́ ọkàn, àìsùn, ibà, tàbí oògùn tí aláìsàn ń lò ni ó ń da iyè rẹ̀ rú, nítorí àwọn wọ̀nyí ṣeé tọ́jú.

Ẹ̀rọ wọ̀nyí wọ́n lówó, wọn kò sì pọ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé àrùn àwọn òyìnbó nìkan ni èyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, onímọ̀ nípa àrùn ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti Bruce Schoenberg, ọmọ Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ṣe ìwádìí láti ilé dé ilé ní Ìgbó-Ọrà, wọ́n sì fi àbájáde rẹ̀ wé ti àwọn ènìyàn dúdú ní Copiah County ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1988, àrùn náà kò pọ̀ ní Ìgbó-Ọrà tó ti Mississippi, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ní ọdún 2023 ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ kan, tí àwọn ará Èkó wà lára wọn, kéde pé àwọn ti rí ìyàtọ̀ kan lára àbùdá tí ń jẹ́ GBA1, èyí tí ó ń mú kí àrùn náà tètè mú àwọn tí ìran wọn wá láti Áfíríkà.

Kí ni ọmọ ilé ìwé lè rí mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí? Ohun kìíní ni pé gbígbọ̀n ọwọ́ àti dídàrú iyè lè ti orísun kan náà wá. Bí a bá rí ọ̀kan, kí a máa kíyè sí èkejì. Ohun kejì ni pé ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí a gbé àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ lọ ní kíákíá, kì í ṣe ibi tí wọn yóò ti fi ẹ̀sùn kan aládùúgbò. Ohun kẹta, tí kò gba owó, tí kò sì gba ẹ̀rọ, ni sùúrù. Bí bàbá bá pẹ́ kí ó tó dáhùn, kí a dúró dè é, nítorí ọ̀nà tí ìdáhùn náà ń gbà bọ̀ ti jìn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ó bá ní òun rí ọmọdé kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí a má fi ṣe yẹ̀yẹ́, kí a má sì bá a jiyàn. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í máa mu. Ẹni tí ó kọ́ ọmọ ní ìṣirò nígbà tí ọmọ kò mọ ení yàtọ̀ sí èjì, ó tọ́ kí ọmọ náà bá a ṣírò owó rẹ̀ nígbà tí òun kò bá lè ṣírò rẹ̀ mọ́, láìjẹ́ kí ojú tì í.